Bí a ṣe ń fi omi àti ìgò ẹ̀pà wo ìrònú ọmọdé

Ọmọ Kétu tó bá lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ psychologie (ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ènìyàn) àti ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn ní yunifásítì Abomey-Calavi ní Benin, orúkọ àwọn onímọ̀ ló kọ́kọ́ ń há sórí: Piaget, Vygotsky, Erikson. Ìdánwò tán, gbogbo rẹ̀ á fò lọ. Ohun tí a bá fojú ara wa rí nínú agboolé ni kì í tètè kúrò lọ́kàn ẹni. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá wálé lọ́lidé, ẹ wá ọmọ kékeré kan, kí ẹ dán ohun tí Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, ṣe wò.

Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Ẹ sọ fún un pé eré ni, pé ẹ ò sì ní kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ síbì kankan. Ọmọ méjì ló dáa: ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 4 tàbí 5, èkejì tó ti pé 8 tàbí 9. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ pè wọ́n, torí ohun tí ẹ̀gbọ́n bá sọ ni àbúrò máa tún sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun ọ̀sán tán ná.

Ohun tí ẹ ó lò ò wọ́n: ife méjì tí wọ́n bá ara wọn mu, tí a lè rí omi inú wọn láti ìta, ìgò gbọọrọ kan bí èyí tí àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀pà yíyan ń kó ẹ̀pà sí, àti àrọ. Ẹ má fojú kéré àrọ yẹn o. Bí omi bá dà sílẹ̀, omi inú ìgò ti dín kù lóòótọ́, ọmọ tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ ti gbà á. Ìdí kan náà ni mi ò fi ń lo gaàrí. Ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà mọ̀ pé bí a bá mi agolo gaàrí, ti inú rẹ̀ á rọlẹ̀.

Ẹ bu omi sínú ife kan, kí ẹ gbé èkejì fún ọmọ: "Bu omi sínú tìẹ kí ó bá tèmi dọ́gba." Kó máa bù ú, kó máa dín in, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà, níṣojú rẹ̀, ẹ fi àrọ da omi ife kan sínú ìgò. Omi á ga sókè. Ẹ wá bi í: "Omi inú ife yìí àti ti inú ìgò yìí, ṣé wọ́n dọ́gba ni, àbí ọ̀kan pọ̀ ju èkejì lọ?" Bó bá ti dáhùn, ẹ ní: "Báwo lo ṣe mọ̀?" Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dákẹ́.

Ọmọ ọdún 4 sábà máa ń nàka sí ìgò: tibí ló pọ̀, ó ga. Ọmọ ọdún 8 sábà máa ń ní omi kan náà ni, a kàn gbé e síbòmíràn ni. Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó gbé láyé láti 1896 sí 1980, ṣàlàyé pé ọmọ tó wà láàárín ọdún 2 sí nǹkan bíi 7 máa ń tẹjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára nǹkan. Ó rí gíga omi, kò ka bí ìgò ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ sí, kò sì tíì lè fi ọkàn da omi náà padà sínú ife. Láàárín ọdún 7 sí 11 ni agbára yẹn ń dé.

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ọmọ ọdún 6 kan sọ fún mi pé wọ́n dọ́gba. Mo tún bi í: "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Ó wojú mi, ó wolẹ̀, ó ní, "Rárá, ti ìgò ló pọ̀." Omi kọ́ ló yí i lọ́kàn padà, èmi ni. Nílé wa, bí àgbà bá bi ọmọdé ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ tó gbọ́n á ti mọ̀ pé èyí tí òun kọ́kọ́ sọ ò tọ́. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní 1974, àwọn olùṣèwádìí méjì, Susan Rose àti Marion Blank, tò nǹkan kéékèèké ní ìlà méjì fún àwọn ọmọ ọdún 6. Àwọn tí wọ́n bi léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá iye wọn dọ́gba, lẹ́yìn tí wọ́n ti yí ìlà náà padà, ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n bi ṣáájú tí wọ́n tún bi lẹ́yìn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ fúnra rẹ̀ bu omi náà kó dọ́gba, kí ẹ má bi í ṣáájú.

Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ da omi sínú ìgò. Olùṣèwádìí kan, Patricia Greenfield, ṣe irú rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yà Wolof ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1966. Nígbà tó jẹ́ Greenfield ló ń da omi, àwọn ọmọ tí kò lọ sílé ìwé ń sọ pé omi ti yàtọ̀, àwọn kan tilẹ̀ ní torí pé Greenfield ló dà á ni. Nígbà tí wọ́n dà á fúnra wọn, iye àwọn tó ní ó dọ́gba pọ̀ sí i gan-an. Ọmọ kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ fún yín ní ìdáhùn méjì. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, ní Yorùbá. "Ó ga" yàtọ̀ sí "ó pọ̀". Bí ẹ bá ti sọ méjèèjì di "plus" ní Faransé, ohun tí ẹ ń wá ti bọ́ nù. Ẹ kọ ibi tí ojú rẹ̀ wò àti ibi tó nàka sí pẹ̀lú. Ẹ fi ọjọ́ orí rẹ̀ àti déètì sí i. Ẹ má pe ọmọ kankan ní olódo nítorí omi ife kan.

Kí ẹ sì tọ́jú ìgò náà. Ní oṣù mẹ́fà sí i, òun náà lẹ ó gbé síwájú ọmọ yẹn.