Bí a ṣe tún ìwé ìgbéga kọ níléeṣẹ́ wa kí obìnrin lè di sùpáfáísọ̀

Báńkì tí iléeṣẹ́ wa fẹ́ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa, wọ́n béèrè iye obìnrin tó wà nípò ọ̀gá lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì béèrè ìlànà tá a ní kí ọkùnrin àti obìnrin lè jọ gba ẹ̀tọ́ kan náà lẹ́nu iṣẹ́. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì mọ́. Láti 2012 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti to ìlànà mẹ́sàn-án kalẹ̀ fún àwọn báńkì lórí ọ̀rọ̀ àyíká àti àwùjọ, ríró àwọn obìnrin lágbára sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. MD wa ní kí n kọ ojú ewé kan, kí òun fọwọ́ sí i, ká fi ránṣẹ́.

Mo ní, "Sà, màá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ ilé wò. Tá a bá kọ ọ́ pé bákan náà ni gbogbo wa, tí wọ́n wá ní ká mú sùpáfáísọ̀ obìnrin jáde, ta la máa mú?"

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, lọ ṣe é bó ṣe yẹ."

Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà, bísíkíìtì la sì ń ṣe, n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá wọ gbọ̀ngàn tá a ti ń di ọjà láàárọ̀, obìnrin ló máa kún ojú rẹ̀. Ẹni tó bá wá wo orúkọ àwọn sùpáfáísọ̀ lára pátákó, ọkùnrin ni látòkè délẹ̀. Mo bi àwọn ọ̀gá ẹ̀ka léèrè ohun tó fà á. Wọ́n ní obìnrin kì í fẹ́ ìyọnu ipò, wọ́n ní ọkọ àti ọmọ kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè. Obìnrin tó ń jí laago mẹ́rin ìdájí, tó ń dáná sílẹ̀, tó ń múra ọmọ fún iléèwé, tó sì tún ń débi iṣẹ́ kí aago méje tó lù, n kò lè gbà pé ìyọnu ló ń sá fún. Ṣebí ilẹ̀ Yorùbá yìí náà ni obìnrin ti ń dá ọjà ṣe láti ìran dé ìran, tí Ìyálójà ń pàṣẹ tí ọjà ń gbọ́. Mo bá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì.

Ìwé ìgbéga ni mo wá, ìyẹn èyí tó sọ ohun téèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìwé náà ní ẹni tó bá máa di sùpáfáísọ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe operator, ìyẹn ẹni tó ń darí ẹ̀rọ, kó sì ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán. Ẹni tó kọ ọ́ lè má ní obìnrin lọ́kàn rárá. Ṣùgbọ́n abala 55 nínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, kò fàyè gbà á kí wọ́n fi obìnrin sí iṣẹ́ alẹ́ ní iléeṣẹ́ bíi tiwa. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn obìnrin tó wà nípò àbójútó tí kì í ṣe iṣẹ́ alágbára ni òfin náà yọ sílẹ̀. Òfin ní kí obìnrin má ṣe iṣẹ́ alẹ́, ìwé tiwa ní ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ alẹ́ kò lè gòkè. Àárín méjèèjì ni àwọn obìnrin wa há sí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò sì sẹ́ni tó gbé ìwé méjèèjì síra wọn wò.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn. Mo dúró ti obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, packer, ìyẹn ẹni tó ń di ọjà, ni lórí ìwé. Bí mo ṣe dúró báyìí ni rọ́ọ̀lù náílọ̀n tán lórí ẹ̀rọ. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó tẹ bọ́tìnì pupa, ó dúró títí abẹ ẹ̀rọ fi dákẹ́, ó yọ páálí tó ṣófo kúrò, ó ti rọ́ọ̀lù tuntun bọ ọ̀pá, ó fi sẹ́lótéèpù so etí rẹ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ́ kù. Ó wá ń fà á díẹ̀díẹ̀, títí àmì dúdú tó wà létí náílọ̀n fi bọ́ sábẹ́ iná kékeré tó ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tó máa gé. Ó jẹ́ kí àwọn àpò àkọ́kọ́ jáde, ó fọwọ́ fún wọn wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò, ó kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ta ló kọ́ yín?"

Ó ní, "Ta ni ì bá kọ́ mi? Èmi ni mo kọ́ àwọn operator tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ló ń fọwọ́ sí ìwé ìsinmi mi báyìí."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Èmi ni inú bí.

Mo lọ bá àgbà mẹkáníìkì wa, mo bi í pé kí gan-an ni iṣẹ́ alẹ́ ń kọ́ èèyàn tí sùpáfáísọ̀ kò lè ṣe kó má ní. Bàbá náà rò ó dáadáa. Ó ní lóru, kò sí ọ̀gá nítòsí, ìwọ nìkan lo máa pinnu: nígbà tí ẹ̀rọ bá há, nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí bísíkíìtì ṣì wà nínú ààrò, ìgbà tó yẹ kó o dá gbogbo iṣẹ́ dúró, ohun tó yẹ kó o kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Gbogbo ohun tó kà yẹn la lè kọ́ èèyàn lójú ọ̀sán, tá a sì lè dán wò. Ohun tá a fi rọ́pò ọdún méjì náà nìyẹn: ìdánwò lórí ẹ̀rọ, níwájú ẹni méjì láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n máa kọ máàkì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A tún kọ ọ́ pé ipò tó bá ṣófo gbọ́dọ̀ hàn lára pátákó kí ẹnikẹ́ni tó bá yẹ lè kọ orúkọ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka ló ń na ìka sí ẹni tó bá wù ú.

Ìpàdé pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbóná. Ẹnì kan pariwo pé, "Ṣé ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni?" Mo ka ìwé àtijọ́ sókè, mo ka ti tuntun tẹ̀ lé e, mo sì fi dá wọn lójú pé owó àjẹmọ́nú iṣẹ́ alẹ́ kò ní dín ní kọ́bọ̀. Ọkùnrin kan tí dókítà ti ní kó má ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru bá dìde, ó ní, "Ṣé èmi náà lè ṣe ìdánwò yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ariwo rọlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ju gbogbo àlàyé mi lọ.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló gba agbára jù. Àdéhùn 100 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, èyí tí wọ́n ṣe ní 1951 tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 1974, kò sọ pé kí ẹni méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà gba owó kan náà nìkan. Ó ní iṣẹ́ tí iye wọn bá dọ́gba, kí owó wọn dọ́gba, bí orúkọ wọn tilẹ̀ yàtọ̀. A wá gbé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò lórí ìmọ̀, agbára, ẹrù tó wà lọ́rùn ẹni, àti ibi téèyàn ti ń ṣe é. Nínú ìwé àtijọ́, gbígbé àpò ìyẹ̀fun ní máàkì lábẹ́ agbára. Dídúró láti àárọ̀ dọ̀sán nídìí ooru, kójú má kúrò lára bísíkíìtì tó ń sáré kọjá, kò ní máàkì kankan. Mi ò mọ ẹni tó lè dúró síbẹ̀ wákàtí kan tí kò ní mọ̀ pé agbára ni. Packer gòkè. MD ṣàròyé owó, a sì gbà kí àfikún náà pín sí ìgbà méjì, ṣùgbọ́n mo kọ̀ jálẹ̀ pé ká dín owó ọkùnrin kankan kù kó lè bá ti obìnrin mu.

Ní ti ìsinmi ìbímọ, ọ̀sẹ̀ 12 ni Labour Act fún obìnrin, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù ó kéré tán fún ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, àti ààbọ̀ wákàtí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú tó bá padà dé. A sọ owó náà di odindi. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa wọ́n lára jù wà nínú fọ́ọ̀mù tá a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ ọdọọdún: a máa ń fi ohun tí obìnrin ṣe ní oṣù mẹ́sàn-án wé ohun tí ẹlòmíràn ṣe ní oṣù méjìlá, ọdún tó bá bímọ ni máàkì rẹ̀ ń já wálẹ̀. A yí gbólóhùn kan padà, pé oṣù tí èèyàn fi wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan la ó máa díwọ̀n. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí iléeṣẹ́ yín kò bá lè ṣe nǹkan mìíràn lọ́dún yìí, ẹ ṣe èyí.

Ẹ̀sùn ìfọwọ́kúfọwọ́ náà kò lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka mọ́, nítorí ó lè jẹ́ òun gan-an ni wọ́n fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹni mẹ́ta ló ń gbọ́ ọ báyìí, méjì nínú wọn obìnrin. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí Àdéhùn 190 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́ ní 2022, èyí tó mú kó rọrùn fún MD láti gbà.

Nígbà tí ìdánwò àkọ́kọ́ parí, obìnrin wà lára àwọn tó yege, ọkùnrin ẹlẹ́jẹ̀ ríru yẹn náà yege. Ìyá Ìbejì ní òun kò fẹ́ ṣe sùpáfáísọ̀. Ó ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí wọ́n máa sanwó rẹ̀ fún òun. Lẹ́tà rẹ̀ ti jáde: olùkọ́ àwọn operator, pẹ̀lú owó tó bá a mu. Ibi tó kù ni yàrá mẹkáníìkì. Kò sí obìnrin níbẹ̀ rárá, torí ọmọ iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì fúnra wọn ni wọ́n ń gbà. A ti kọ ọ́ pé ààyè ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa hàn lára pátákó bíi ti gbogbo iṣẹ́ tó kù, àgbà mẹkáníìkì wa sì ti ń bá mi kọ ìdánwò rẹ̀.