Orin wa jáde, ojúewé ẹlòmíì ló balẹ̀ sí

Owó tá a fi polówó orin wa tuntun, ọ̀dọ̀ olórin ẹ̀mí kan ló kó àwọn èèyàn lọ. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣì ń ká mi lára jù.

Àwa méjì la jọ ń ṣe orin, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù la wà. Èmi ni mo ń to ìlù àti kíbọ́ọ̀dù jọ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n màámi, ló ń kọ ọ́. Orin ijó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń ná owó sí níbi òkú àgbà. Gángan á ṣáájú, báàsì á wá gbá a mú láti ìsàlẹ̀.

Kíkọ orin àti gbígbà á sílẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Ti àwo orin ni mo fẹ́ sọ díẹ̀. Kékeré oní-íǹṣì 7 la tẹ̀, a ò tẹ ńlá oní-íǹṣì 12 táwọn DJ fẹ́ràn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ronú ẹ̀: tá a bá fi páálí líle di kékeré, large letter, ìyẹn lẹ́tà ńlá, ni Royal Mail, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibí, ń kà á sí. Ńlá kò lè gba inú sẹ̀ǹtímítà 25 tí wọ́n fàyè gbà ní fífẹ̀, ó ti di ẹrù nìyẹn, owó ẹ̀ sì le. Àmọ́ ojú kan àwo kékeré tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 lọ kí ohùn ẹ̀ tó rẹlẹ̀, orin wa sì ju 6 lọ. A gé e. Ibi tí gángan ti ń dá sọ̀rọ̀ ni abẹ bà, ó dùn mí dọ́kàn. Síbẹ̀, nígbà tí àwo dé, tí mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi yọ, mo pariwo débi pé aládùúgbò ń gbá ògiri.

Wàhálà wá dé.

Kí orin tó jáde, ó yẹ kó ti hàn nínú Spotify for Artists wa, ibi tí olórin ti ń bójú tó ojúewé ẹ̀ lórí Spotify. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń bẹ àwọn tó ń to playlist, ìyẹn àkójọ orin, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe é ó kéré tán ọjọ́ 7 ṣáájú tó bá fẹ́ kí orin náà wọ Release Radar, àkójọ orin tuntun tí Spotify ń tò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Tiwa ò hàn. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbé orin lọ sáwọn ibi ìgbọ́rin. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Mo tún kọ. Sùúrù náà ni.

Òru Jímọ̀ tó yẹ kó jáde, a ṣí ojúewé wa, òfìfo. Ẹ̀gbọ́n mi wá orin náà lórúkọ, ó bá a lábẹ́ àwòrán Màmá kan tó wọ aṣọ funfun, tó di Bíbélì mú. Orúkọ wa àti tiwọn ò fi lẹ́tà kan yàtọ̀. Nọ́ńbà ojúewé wa wà nínú fọ́ọ̀mù tá a kọ fún ilé-iṣẹ́ yẹn, mo ní àwòrán ẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n sọ ọ́ nù lójú ọ̀nà, orúkọ nìkan ló débẹ̀, ẹ̀rọ bá gbé orin fún ẹni tó kọ́kọ́ rí.

Gbogbo ẹni tó bá tẹ ìpolówó wa lórí Instagram, tó gbọ́ orin, tó fẹ́ràn ẹ̀, tó ní òun fẹ́ máa tẹ̀ lé wa, Màmá ló ń tẹ̀ lé. Ní 1994, Bill Drummond àti Jimmy Cauty, olórin méjì tó ń jẹ́ KLF tẹ́lẹ̀, sun mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lórí erékùṣù Jura ní Scotland. Àwọn yẹn fọwọ́ ara wọn ṣáná sí tiwọn.

Èsì ilé-iṣẹ́ yìí kì í wá látọ̀dọ̀ ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wọn ló sì ń ní kí n tún ọ̀rọ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní ká yọ orin náà, ká gbé e sókè bíi tuntun. Mo ní kò ṣeé ṣe! ISRC, àmì oní-lẹ́tà-àti-nọ́ńbà 12 tí wọ́n fún orin wa, ni wọ́n fi ń ka owó, torí náà owó ò tíì sọnù. Tá a bá gba ISRC tuntun, oókan la ó ti máa kà, bẹ́ẹ̀ láti 2024, orin tí wọn ò bá tíì gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12, Spotify kì í san kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tú u. Ó wá Màmá rí lórí Facebook, ó kí wọn dáadáa, ó ṣàlàyé. Màmá fi ohùn ránṣẹ́ padà: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ará ìjọ ti ń bi mí pé ṣé mo ti padà sáyé ni.” Ọmọ wọn tó ń bójú tó ojúewé náà wọ Spotify for Artists tiwọn, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń sọ pé orin yìí kì í ṣe tiwa. Kò pẹ́ tó fi kúrò níbẹ̀. Ìgbà tó ti kúrò tán ni ilé-iṣẹ́ wá kọ̀wé pé àwọn ti ń wò ó.

Ẹ wo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yín kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì ti bá a dọ́rẹ̀ẹ́. Tí orin ò bá hàn lójúewé yín nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sún ọjọ́ síwájú, ẹ má gbọ́ ti sùúrù ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ má sì san kọ́bọ̀ ìpolówó títí dìgbà tẹ́ ẹ bá fojú ara yín rí i níbi tó yẹ kó wà. Àwo nìkan ni ò já wa kulẹ̀: ilé ìtajà àwo orin méjì gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n tún béèrè sí i.

Lánàá, ilé-iṣẹ́ yẹn fi ìwé owó ọdún tuntun ránṣẹ́, wọ́n ní ká fún iṣẹ́ wọn ní ìràwọ̀ láti 1 dé 5, ká sì kọ ìdí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fìbínú kọ ọ́. Mo ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́.