Bí mo ṣe rí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò lára Hilux mi

Bàbá onílé wa ló kọ́kọ́ pe àkíyèsí mi sí i. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì tẹ́ iwájú ilé wa ní Ṣómólú ni, ibi tí mo sì máa ń páàkì sí ti ní àmì dúdú kan tó fẹ̀ tó ojú àwo. "Ọmọ mi, mọ́tò rẹ ti fẹ́ ba ilẹ̀ yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o." Mo bẹ̀ wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ́ páálí sí abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú mọ́kànlá ni ọ́ìlì kán sí, gbogbo rẹ̀ ní ọ̀gangan ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé.

Hilux ọdún 1994 ni, ẹ́ńjìnnì 22R oní-pẹtiróòlù ló wà nínú rẹ̀. Òun la fi ń kó tòmátì àti ata láti Mile 12 wá sí Bàríga. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni mo ń da bí ìdajì lítà ọ́ìlì kún un, bẹ́ẹ̀ gbogbo èyí tí ẹ́ńjìnnì náà ń gbà kò ju lítà 4 àti díẹ̀ lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ tí mo bá ti gun Third Mainland Bridge.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi jáde. "Àbúrò, síìlì ẹ̀yìn kíráńkì ti lọ. A máa sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀." Síìlì náà, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, kò wọ́n fúnra rẹ̀. Ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ló ń gbówó: wọ́n á tú ṣáàfù, wọ́n á sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n á yọ kílọ́ọ̀ṣì àti fúláìwíìlì. Lóòótọ́, síìlì yẹn máa ń bàjẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò wo òkè rárá. Ọ́ìlì kì í gun òkè, ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn lọ, atẹ́gùn fáànù àti eré ọkọ̀ á sì máa gbá a sẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa, mo ra kẹrosíìnì lítà 2. Àwọn kan máa ń fi pẹtiróòlù fọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe é, iná kì í bá ènìyàn ṣeré. Mo fi ọ̀rá we dísíríbútọ̀ àti ẹnu kábúrétọ̀, mo sì fi bọ́rọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí tí mo fi rí àwọ̀ irin. Ó gbà mí ní wákàtí méjì. Nígbà tí ó gbẹ, mo bu pọ́dà ọmọ mi, mo fọ́n ọn sí gbogbo oríkèé ẹ́ńjìnnì náà, mo sì gba Ìkòròdú Road lọ dé Ọjọ́ta, mo yí padà.

Mo fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré ìyàwó mi wò ó. Iwájú gbẹ. Ibi ọ́ìlì síwíìṣì funfun báláú. Etí ọ́ìlì sọ́ọ̀ǹpù, àwo tó ń gba ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, náà gbẹ. Ara ilé kílọ́ọ̀ṣì, ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé, nìkan ló tutù, mo wá ń tọ ipa rẹ̀ lọ sókè. Lẹ́yìn hẹ́ẹ̀dì, níbi tó sún mọ́ ògiri ọkọ̀ tí ojú kì í tètè dé, ìlà dúdú kan là gba inú pọ́dà náà kọjá, bí ipa omijé lójú ọmọ tí wọ́n kun ní pọ́dà. Abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí tó wà lókè ẹ́ńjìnnì, ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà tó rí bí òṣùpá tó pín sí méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní half-moon. Ká ní síìlì kíráńkì ni, òkè ì bá gbẹ, inú ilé kílọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún ni ọ́ìlì ì bá ti máa wá.

Mi ò tíì sá lọ ra nǹkan. Mo yọ fáàfù PCV, èyí tí èéfín inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, tó wà lórí kọ́fà, mo mì ín. Ó yẹ kó máa dún ṣakaṣaka, ṣùgbọ́n kò dún rárá. Ìdọ̀tí ti dí i pa. Bí fáàfù yìí bá dí, èéfín inú ẹ́ńjìnnì ò ní ríbi jáde, á wá máa ti ọ́ìlì gba ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá pààrọ̀ rọ́bà láìpààrọ̀ fáàfù, á tún un ṣe láìpẹ́.

Ọjà Ládìpọ̀ ni mo ti ra gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rọ́bà tó yí etí kọ́fà ká, half-moon méjèèjì àti fáàfù, èyí tí mo mì létí mi kí n tó sanwó. Nígbà tí mo tú nọ́ọ̀tù mẹ́rin orí kọ́fà, rọ́bà àtijọ́ náà ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ bí bisikíìtì. Mo ha gbogbo ojú ibẹ̀ mọ́, mo fi sílíkọ́ọ̀nù díẹ̀ sí igun half-moon, mo rọra fún nọ́ọ̀tù náà díẹ̀díẹ̀, nítorí bí a bá fún un jù, kọ́fà á wọ́, jíjò á sì padà. Mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè gbẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, páálí ò tutù, ọ́ìlì orí géèjì ò sún kúrò lójú kan. Mo mú rọ́bà tó ṣẹ́ náà lọ bá ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n wá pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn tó wà lábẹ́ mọ́tò kan: "Jáde wá wo nǹkan."