Bí a ṣe ń palẹ̀ RV mọ́ kí ìrìn-àjò ìgbà ooru tó bẹ̀rẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, láti Memorial Day ní ìparí oṣù karùn-ún títí di Labor Day ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, RV, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tí èèyàn lè sùn, kó sì dáná nínú rẹ̀, máa ń kún ojú títì. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jáde gbọ́dọ̀ ti tú ọkọ̀ tirẹ̀ wò ṣáájú. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé àyè ni wọ́n ń wò: kọ́bọ́ọ̀dù ṣì ṣófo, ẹ jẹ́ ká kó nǹkan sí i. Ìwúwo gan-an ló yẹ kí wọ́n máa wò.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹrù kankan, ẹ wá sítíkà tí wọ́n kọ iye ẹrù tí ọkọ̀ náà lè rù sí. Ó sábà máa ń wà ní inú, lára ilẹ̀kùn àbáwọlé. Bí ó bá jẹ́ RV tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, àwọn èèyàn tó máa jókòó sínú rẹ̀ wà nínú iye yẹn. Omi náà wà níbẹ̀: gálọ́ọ̀nù kan wúwo tó pọ́ùn 8.3. Ká ní sítíkà yín sọ pé 1,200 pọ́ùn, tí ẹ sì pọn omi kún táǹkì gálọ́ọ̀nù 40, bíi 330 ti lọ nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìkòkò wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ tapólì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí. Bí ẹ bá dúró sínú ọkọ̀ tí ẹ ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, àánú nǹkan á máa ṣe yín, ẹ ó sì máa ní "a ṣì lè nílò rẹ̀." Lórí tapólì, ẹ kó ohun tí ẹ lò lọ́dún tó kọjá sọ́tọ̀. Ẹ kó ti pàjáwìrì sọ́tọ̀: ẹ̀rọ panápaná, àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́, irinṣẹ́, igi tí a fi ń dá táyà dúró. Ìwọ̀nyí á padà wọlé bí ẹ kò tilẹ̀ lò wọ́n rí. Ìyókù á máa gbé ilé. Agolo oúnjẹ tó bá ti wú lẹ́yìn òtútù, ẹ má ṣí i, ẹ jù ú nù.

Àwa Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún ní tiwa lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé iyán inú odó dùn, ṣùgbọ́n ẹ fi odó sílé, poundo á gbà á. Bàgì ìrẹsì odindi kan náà kò ní nǹkan ṣe nínú RV. Ẹ bu ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ sínú ike.

Nígbà tí inú ọkọ̀ bá ti ṣófo, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ síǹkì àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku, ẹ má gbá a, ẹ má sì fi ẹ̀rọ fa á, nítorí àrùn hantavirus lè bá eruku rẹ̀ wọ imú èèyàn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ da bleach tí ẹ ti fi omi là sí i, ìwọ̀n bleach kan sí omi mẹ́sàn-án, kó rin gbingbin. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi bébà nù ún, kí ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ dì í. Ẹ wá wo ibi tí páìpù ti gba ilẹ̀ wọlé: bí ihò bá wà níbẹ̀, ẹ fi kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò dí i pinpin.

Ó ku kíkó ẹrù padà. Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni. Ohun fífúyẹ́, òkè. Fún RV tí ọkọ̀ mìíràn ń fà, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ló yẹ kó sinmi lé ibi tí a ti so ó mọ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá di gbogbo ẹrù wíwúwo sẹ́yìn táyà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù lójú títì, ẹ̀rù á sì bà yín. Ike onígun mẹ́rin dára ju olóbìírí lọ, wọn kì í fi àyè ṣòfò. Ẹ tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sábẹ́ àwo.

Họ́ọ̀sì omi mímu, tó sábà máa ń jẹ́ funfun tàbí búlúù, kò gbọ́dọ̀ bá họ́ọ̀sì tí a fi ń da omi ìgbọ̀nsẹ̀ nù gbé inú àpótí kan náà. Kò sí àwáwí níbẹ̀. Ẹ má sì to bàtà dí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé e sí nítorí pé gáàsì propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí.

Nígbà tí ẹ bá ti di gbogbo rẹ̀ tán, ẹ wa ọkọ̀ náà lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn onítírélà, bíi CAT Scale tó wà ní ibùdókọ̀ wọn, pẹ̀lú epo, omi àti gbogbo ará ilé nínú rẹ̀. Ẹ fi iye tó wà lórí ìwé tí wọ́n bá fún yín wé GVWR, ìyẹn ìwúwo tí ọkọ̀ náà àti gbogbo ẹrù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá, tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. Bí ó bá lé, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà nù, ẹ ó rí òmíràn pọn ní ibi tí ẹ ń lọ. Bí ó bá ṣì lé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sórí tapólì.