Rọ́bà ilẹ̀kùn tí mo yàn fún fíríìjì tí mo fi ń yan ẹja

Fíríìjì tó ti kú wúlò púpọ̀ fún yíyan ẹja. Ògiri rẹ̀ nípọn, ooru kì í tètè sá jáde níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti wà lórí hínjì láti ilé iṣẹ́. Ohun tí kò wúlò nínú rẹ̀ ni rọ́bà tó yí ilẹ̀kùn ká. Ike rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní PVC ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ki òòfà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀; òtútù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Àárín 80°C sí 110°C ni mo máa ń yan ẹja àrọ̀ sí. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, rọ́bà yẹn á rọ̀ bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀, á máa rùn, òórùn rẹ̀ á sì wọ ẹja. Kí n tó dáná nínú rẹ̀ rárá, òun ni mo pààrọ̀.

Àmọ́ ẹ wo inú fíríìjì náà ná. Bó bá jẹ́ ike funfun ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, kò sí rọ́bà tó lè gbà á là: ike á yọ́, fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ á jó, májèlé sì ni èéfín fóòmù. Ti àtijọ́ tí inú rẹ̀ jẹ́ irin, tí òwú fáíbà wà láàárín ògiri méjèèjì, ni mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń pariwo "kọ̀ńdẹ́mù" kiri àdúgbò. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ló fa gáàsì rẹ̀ kúrò kí n tó fọwọ́ kan páìpù kankan. Àwọn pẹpẹ wáyà inú rẹ̀, mo kó wọn dànù, torí ohun tí wọ́n fi kun wọ́n lára kì í ṣe ohun tí à ń gbé ẹja lé lórí iná.

Títú rọ́bà àtijọ́ kò le. Tí ẹ bá ká etí rẹ̀ sókè, ẹ ó rí sukúrú tó tò yí ilẹ̀kùn ká. Ẹ má tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Sukúrú yẹn kan náà ló di awẹ́ inú ilẹ̀kùn mọ́ awẹ́ òde. Bó bá tú tán, ilẹ̀kùn á lọ́, ẹ ó sì máa lé àlàfo tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo ń dẹ̀, mo fa rọ́bà jáde, mo fún un padà, kí n tó kọjá sí èkejì. Mo wá fi sípírítì nu ojú irin náà títí aṣọ kò fi dúdú mọ́.

Wíwọ̀n ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Gígùn kò le: ilẹ̀kùn mi fẹ̀ tó 55 sẹ̀ǹtímítà, ó ga tó 130, ìyẹn 370 yíká. Mítà mẹ́rin ni mo rà. Àlàfo ló ń tan èèyàn, torí ilẹ̀kùn àlòkù kì í jókòó dọ́gba. Mo ṣu amọ̀ tútù tó bí èkùrọ́, mo fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ férémù ní 20 sẹ̀ǹtímítà síra wọn, mo sì ti ilẹ̀kùn pa. Nígbà tí mo ṣí i, mo fi rúlà wọn bí amọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó. Lẹ́bàá hínjì, mílímítà 7; lẹ́bàá ọwọ́ ìdìmú, 9. Rọ́bà oníhò gbọ́dọ̀ fún pọ̀ ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin kó tó dí àyè dáadáa, nítorí náà onímílímítà 12 ni mo wá lọ. Èyí tó bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú àlàfo kò dí nǹkan kan; èyí tó bá nípọn jù á máa ti ilẹ̀kùn padà.

Tí ẹ bá dé Àràrọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò tó wà ní Gate n'Íbàdàn, rọ́bà ilẹ̀kùn mọ́tò ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín. Irú rọ́bà tí wọ́n ń pè ní EPDM ni púpọ̀ nínú wọn. Òjò àti oòrùn kì í ba á jẹ́, 120°C náà kò lè pa á. Ọ̀rá ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀rá ẹja tó bá ń ṣàn lójú ilẹ̀kùn á wọnú rẹ̀, á wú, á sì máa já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ká má tíì sọ ti òórùn táyà tó wà lára rẹ̀.

Okùn fáíbà, irú èyí tí wọ́n ń lò sí ilẹ̀kùn ààrò, 500°C kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ igi lẹ ń kó sínú tirẹ̀, tí ooru ń kọjá 230°C, òun ni kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n ó ń mu ọ̀rá bí òwú àtùpà, kò ṣeé fọ̀, fọ́nrán rẹ̀ ń já, ó sì ń yún ara. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ nítòsí ẹja. Okùn funfun àtijọ́ tún wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kan. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi dá yín lójú pé kì í ṣe asbestos, ẹ fi sílẹ̀ fún un, torí ẹ̀dọ̀fóró ni asbestos ń bà jẹ́.

Sílíkónì ni mo mú. Ó ń gba ooru tó 200°C sókè, ọ̀rá ẹja kì í tètè bà á jẹ́, ọṣẹ àti omi gbígbóná sì tó láti fọ̀ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní irú èyí tó ṣeé lò fún oúnjẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ààrò búrẹ́dì ni kí ẹ ti wá a. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní sílíkónì ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gé ẹyọ kékeré, mo fi pílàyà mú un, mo tanná ràn án níta. Eérú funfun ni sílíkónì gidi ń fi sílẹ̀. Bó bá ń tú èéfín dúdú tó ń ta ni nímú, tó sì kú fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe gbé iná kúrò, PVC ni. Ẹ tún lọ́ ọ: bí ibi tí ẹ lọ́ bá funfun, wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Gọ́ọ̀mù aṣebàtà kò lè dì í mú; ooru ń rọ̀ ọ́, sílíkónì náà kì í sì í gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra irú tó ní ìrù pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀, bíi lẹ́tà P. Mo tẹ ìrù yẹn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú fláàtì báà alumíníọ́ọ̀mù, 20 mílímítà sí 3, mo sì ń lu sukúrú sí i ní 15 sẹ̀ǹtímítà síra wọn. Ẹ má fún un jù: rọ́bà tó bá ti ń ṣe gọ́ńgọ̀ láàárín sukúrú méjì ti ń jò nìyẹn. Ní igun, mo tẹ̀ ẹ́ yípo díẹ̀, torí bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ pọ́kán, ihò inú rẹ̀ á pa dé, ibẹ̀ á sì pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbẹ́ hínjì ni mo gbé ojú ìsopọ̀ sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ tí ọ̀rá ń dà sí. Sílíkónì inú tíúbù ni mo fi so ó, mo sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 kó gbẹ.

Rọ́bà 12 nínú àlàfo 7 ti pọ̀ jù lẹ́bàá hínjì, ilẹ̀kùn á sì máa ta padà níwájú. Wáṣà onímílímítà 2 ni mo ki sábẹ́ hínjì kọ̀ọ̀kan. Òòfà ti lọ, nítorí náà mo lo ìkọ́ méjì tó ń fa ilẹ̀kùn mọ́ra, irú ti àpótí irinṣẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé wà níbí o. Ní 1956 ni Amẹ́ríkà ṣòfin pé fíríìjì gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú, torí àwọn ọmọ tó há sínú rẹ̀ tí wọ́n sì kú. Àwa tí a tún ń dá ìkọ́ padà sí i, ẹ jẹ́ ká fi kọ́kọ́rọ́ tì í nígbà tí iná kò bá sí nínú rẹ̀.

Mo fi bébà sí ẹnu ilẹ̀kùn, mo tì í, mo fà á, níbi gbogbo yíká. Ibi tó bá ti yọ bọ́rọ́, rọ́bà ò kàn án. Lálẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, mo sì wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dá èédú sí i lófìfo fún wákàtí méjì, ní 120°C, kí òórùn ilé iṣẹ́ lè kúrò lára rọ́bà.

Èéfín tó bá ń yọ díẹ̀ lókè kì í dà mí láàmú. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ihò atẹ́gùn ìsàlẹ̀ wọlé kó sì gba òkè jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi inú ẹja á há síbẹ̀, ẹja á dúdú, á sì korò. Etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni kò gbọdọ̀ jò. Ibẹ̀ ni ààrò ti ń fa afẹ́fẹ́ sínú, àlàfo kékeré tó wà níbẹ̀ ń bọ́ èédú láìgbàṣẹ yín ni. Tí ooru bá ń gòkè lẹ́yìn tí mo ti pa ihò atẹ́gùn dé, bébà ni mo máa ń mú lọ sí etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí n tó fọwọ́ kan èédú.