Bí ojú ewé ẹ̀kọ́ kan kò bá ṣí mọ́, ẹ má tíì sọ ìrètí nù
Ẹ̀yin ará, ẹ ṣe àdàkọ àdírẹ́sì tó kọ̀ tí kò ṣí yẹn, kí ẹ lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí ìwákiri tó wà ní web.archive.org. Wayback Machine ni wọ́n ń pè é, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àdàkọ àtijọ́ àwọn ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì sí. Internet Archive, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ṣí i fún gbogbo ayé lọ́dún 2001. Kàlẹ́ńdà yóò jáde, tó ń fi ọjọ́ tí wọ́n ṣe àdàkọ ojú ewé náà hàn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ pé kò sí ǹkan kan: wọ́n á tẹ ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á sì bá ìkéde pé orúkọ ìkànnì náà wà fún títà. Ẹ padà sẹ́yìn, sí ọdún tí ìkànnì náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ṣé ẹ kò rántí àdírẹ́sì ojú ewé náà ni? Ẹ kọ orúkọ ìkànnì nìkan, kí ẹ fi /* sí ìparí rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀ ni yóò tò sílẹ̀. Fídíò sábà máa ń sọnù, ó dunni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti kóòdù kì í sábà sọnù.

Bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ti sọ́fítíwíà, ẹ wo fódà docs, ibi tí àlàyé ìlò rẹ̀ sábà máa ń wà, nínú kóòdù rẹ̀ náà.

Èyí tó ṣì wà láàyè tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn, ẹ fi Save Page Now, tó wà ní web.archive.org kan náà, tọ́jú rẹ̀ lónìí.