Bí mo ṣe wọn "igbá" àti "ìgbá" lẹ́nu màmá mi

Màmá mi ló pè mí látọjà lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní "mo rígbá o, ṣé kí n rà á?" mo ní ẹ rà á mà, mo rò pé igbá tá a fi ń bomi ni, àfi bí wọ́n ṣe délé tí wọ́n tú ìgbá jíjẹ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn sọ ọ́ dáadáa, fóònù ni ò jẹ́ kí n gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Igbá, re-mí ni. Ìgbá, dò-mí ni. Orí fáwẹ̀lì "i" àkọ́kọ́ nìkan nìyàtọ̀ wọn wà, tẹ́nu bá sì yá, "rí" á gbé "i" yẹn mì, méjèèjì á di rígbá, kí ló wá kù tá a fi ń dá wọn mọ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè Yorùbá, ti kọ nípa ẹ̀ láti 1966 pé fáwẹ̀lì ló ń lọ, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ ò lọ, ó ṣì ń fa ohùn tó tẹ̀lé e wálẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Fóònù àti láptọ́ọ̀pù ni mo lò, pẹ̀lú Praat, software ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní yunifásítì Amsterdam, ó máa ń ya ohùn èèyàn bí ìlà búlúù, tóhùn bá gòkè ìlà á gòkè.

Mo kọ́kọ́ kọ gbólóhùn sórí bébà pé kí màmá kà á. Kò ṣiṣẹ́. Tíṣà ni wọ́n, bí wọ́n ṣe rí bébà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń kọ́ ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, "mo... rí... ì-gbá", kò sí "i" kankan tó sá lọ. Mo wá gbé bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé igbá gidi sórí tábìlì, mo kó ìgbá mẹ́ta sínú àwo, mo daṣọ bo méjèèjì, tí mo bá ṣí ọ̀kan màá ní "kí lẹ rí, mà?" wọ́n á ní "mo rígbá". Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń pààrọ̀ wọn kí ó má baà di orin lẹ́nu wọn. A dúró títí aládùúgbò fi pa jẹnẹrétọ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀, torí ariwo máa ń da ìlà yẹn rú.

Fáìlì ohùn tí wọ́n ń pè ní m4a ni fóònù mi ń fi pamọ́, Praat ò lè ṣí i, mo sọ ọ́ di WAV, irú fáìlì ohùn tí Praat ń ṣí. Mo yí ìwọ̀n ohùn sí 100 sí 400 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó bá ṣe pọ̀ tó lohùn ṣe ga tó), mo wá ń mú fáwẹ̀lì "á" tó kẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ àárín ẹ̀, mo tẹ F5, nọ́ńbà á jáde. Ẹ má wọn ibi tí gb wà o, ètè ti pa dé níbẹ̀, ìlà máa ń rẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀.

Níbi igbá, "rí" àti "gbá" fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dúró ní ipò kan, 245, 240, 242. Níbi ìgbá, "rí" wà ní 246, "gbá" já wálẹ̀ sí 210, òmíì 207, òmíì 212. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló já bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan tó kù, ẹ̀rín ló pa wọ́n. Kò sí "i" níbẹ̀ mọ́ rárá, mo wá a títí, síbẹ̀ ohùn ẹ̀ wà níbẹ̀! Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró nídìí láptọ́ọ̀pù.

Mo gba ohùn tèmi náà sílẹ̀. Mí tèmi ò kọjá 150, ìyẹn ni pé ibi tí ohùn màmá já sí gan-an ṣì ga ju òkè tèmi lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́ mí tí á ní dò ni mo pè, torí ohùn tó ṣáájú nínú ẹnu kan náà letí fi ń wọ̀n ọ́n.

Mo pe màmá wá wò ó. Wọ́n fìka tọ ìlà búlúù yẹn lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n dúró níbi tó ti já, wọ́n ní "ṣé ibí ni mo ti pe ìgbá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní "mo ṣáà sọ fún ẹ pé mo pè é."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àǹtí mi tó dàgbà sí Ìjẹ̀bú ló kàn.